Ogójì Àsíá Ìdúpẹ́ Dókítà Ge

Ẹ bá mi kí Dókítà Ge Guangyao o! Abẹ́rẹ́-Kan-Ikọ́-Sá-Wọgbó! Baba Ẹ̀dọ̀fóró! Ọkùnrin tó ní òun ò tíì wúkọ́ láti ọgbọ̀n ọdún! Nílùú Baitang wa, bí Ge bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun fúnra rẹ̀ á wá máa tẹ̀ lé e bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìyà tó ń jẹ ẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Dókítà Tan Yulan ló ń gbé ní òdìkejì òpópónà, obìnrin arúgbó tó ní àpótí kan tó kún fún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń gún àìsàn jáde lára, àti àga gígùn méjì, ilé rẹ̀ kì í sì í ṣófo. Bí wọn ò bá wá gba abẹ́rẹ́, wọ́n á wá gbé ẹyin fún un, tàbí kí wọ́n kàn wá mu tíì.

Ge á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á na ìka. “Ẹ ò rí i? Ojú kan náà ló ń wọlé, ojú kan náà ló ń jáde! Bí obìnrin yìí bá mọṣẹ́, kí ni wọ́n tún ń padà wá ṣe? Tèmi kọ́ nìyẹn o. Bí mo bá gún ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o ò ní padà wá mọ́ láé!”

Òótọ́ ló sì sọ. Wọn kì í padà wá.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn fẹ́ fi pátákó dá dókítà ẹ̀dọ̀fóró kan lọ́lá. Ẹni tó bá gba pátákó yìí ni yóò máa lẹ oògùn mọ́ gbogbo ìlú lẹ́yìn lọ́jọ́ Ooru Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí ooru ọdún máa ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé inú ooru la ti ń lé ikọ́ ìgbà òtútù? Gbogbo ẹ̀yìn tó wà ní Baitang, lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo! Itọ́ ń dà lẹ́nu Ge.

Àmọ́ àsíá ìdúpẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣèdájọ́, àsíá ṣẹ́dà pupa tí ẹni tí ara rẹ̀ yá máa ń fún dókítà rẹ̀, tí orúkọ àti ọjọ́ á wà nídìí ẹ̀. Méjì ni Tan ní, ó sì ti fi ọ̀kan bo ìkòkò ìrẹsì nítorí èkúté. Ge ní ẹyọ kan. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló fún un.

Ló bá gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Lou, tó ń fi òwú wúrà kọ ọ̀rọ̀ sára aṣọ.

“Ìyá Lou, ẹ bá mi ṣe ogójì àsíá.”

“Ogójì kẹ̀! Ta ló fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ta?”

“Àwọn èèyàn ló fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

“Kí ló dé tí wọn ò wá fúnra wọn?”

“Ojú ń tì wọ́n ni.”

Ìyá Lou yọ awò ojú rẹ̀. “Dókítà, ṣé àwọn èèyàn yìí mọ̀ pé àwọn ń dúpẹ́?”

“Ọkàn wọn mọ̀, Ìyá. Ẹ ṣáà máa ṣe é.”

Ó wá ku orúkọ. Ge gbọn eruku kúrò lára ìwé tó ń kọ orúkọ aláìsàn sí, ó sì ń fi pupa sàmì sí gbogbo ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan tí kò padà. Cuilian ìyàwó rẹ̀ dúró tì í.

“Ge, ṣé o ti béèrè bóyá ara wọn yá?”

“Ìwọ obìnrin yìí! Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ṣé kò ní padà wá ni? Ẹni tí kò padà wá, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn!”

Cuilian gba ilé ìdáná lọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fẹ́ ọkùnrin yìí, ó sì ti mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn lọ bẹ́ ewébẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Ooru Àkọ́kọ́ pé, Ge ta okùn láti ara igi ojúde títí dé ẹnu ilé oúnjẹ, ó fi ogójì àsíá kọ́ sórí rẹ̀. “Ọba Èémí”! “Ọwọ́ Rẹ La Fi Ń Mí”! “Ẹ̀dọ̀fóró Mi Ní Kí N Kí Ọ”! Gbogbo ojúde pọ́n yòò. Alága Sang ti ìgbìmọ̀ ìlú dé, ó lanu sílẹ̀.

“Dókítà Ge, o pa wá láyò! Ó yá, ayàwòrán, sún mọ́bí. Ká pe àwọn tó dúpẹ́ kí wọ́n wá bá dókítà di àsíá wọn mú.”

Háà! Ge gbàgbé. Kò sí ọmọ Baitang tí kò mọ̀ pé bí wọ́n bá fún dókítà lásíá, ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á ló ń di etí àsíá náà mú fún fọ́tò. Ó rántí òwú, ó rántí wúrà, kò rántí èèyàn.

“Alága, ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò sílẹ̀, oòrùn ti mú…”

“Rárá o, àṣà ni.” Alága gbóhùn sókè. “Hou Shuisheng! Hou Shuisheng dà?”

Gbogbo èèyàn wẹ̀yìn.

“Ó… ó lọ sóko,” ni Ge wí.

“Ẹ gbọ́ ohun tó kọ: ‘Látọjọ́ tí o ti gún mi, mi ò níṣòro èémí mọ́.’ Ọ̀rọ̀ ńlá! Hou Shuisheng!”

Ìyá àgbàlagbà kan rọra dìde. Màmá Hou ni. “Ọkọ mi ni.”

“Ẹ bá wa pè é, Ìyá.”

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ pè é. Orí òkè ẹ̀yìn ìlú ló wà, ọdún kẹta rèé tá a ti sin ín síbẹ̀.” Ó tún wo àsíá náà. “Kò kúkú parọ́ ṣá. Kò níṣòro èémí mọ́.”

Ẹnìkan pa ẹ̀rín mọ́nú, ó gba imú jáde. Òógùn bo Ge.

“Ẹ̀mí rẹ̀ ló wá dúpẹ́!” ló bá figbe ta. “Òkú náà mọ oore!”

Alága yára bọ́ sórí àsíá mìíràn. “Wan Laifu!”

Wan tó ń ta ẹlẹ́dẹ̀ jáde, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ikùn. “Èmi rèé. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló gún o. Ẹlẹ́dẹ̀ mi tó ń wúkọ́ ni. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ò mọ ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀ séèyàn.”

“Kí ló wá dé tí kò padà wá?” ni Ge bi í.

“A ti jẹ ẹ́ lọ́dún tuntun. Ó dùn gan-an.”

Ẹ̀rín gba ojúde kan! Àwọn kan ń fọwọ́ lu ilẹ̀, àwọn kan di igi mú. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni obìnrin kan nahùn láti ẹnu ọ̀nà Tan: “Jin Sufen nìyí o! Ẹ má pè mí. Láti ọjọ́ tí Ge ti gún mi ni mo ti wà lórí ìlà níbí!”

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Ge la ẹnu kó fèsì, eruku ojúde wọ ọ lọ́fun. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ikọ́ ọgbọ̀n ọdún tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, fìlà fò lórí, ojú rẹ̀ pọ́n ju àsíá lọ.

Dókítà Tan ló wá gbé àpótí rẹ̀, ó rọra la ojúde kọjá. “Jókòó. Mí díẹ̀díẹ̀. Na ọwọ́.” Ó gún un lábẹ́rẹ́ kan ní ọrùn ọwọ́, ó fún un lómi gbígbóná, ó sì dúró tì í títí ikọ́ fi rọlẹ̀. Ìlú ń wò.

Màmá Hou ti já àsíá tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń ká a. “Ṣẹ́dà gidi ni,” ló wí. “Màá fi rán ìrọ̀rí.”

“Mo dúpẹ́, Dókítà,” ni Ge sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Má kọ àsíá kankan sí mi o,” ni Tan dá a lóhùn. “Bí ara rẹ bá yá, padà wá sọ fún mi. Bí kò bá yá, padà wá náà.”

Tan ni wọ́n fún ní pátákó. Ó wò ó yíká, ó ní kí wọ́n bá òun gbé e sórí ìkòkò ìrẹsì, àsíá yẹn ti gbó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ge padà wá sílé Tan. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ó ń dúró de oògùn àlẹ̀mọ́ lórí ìlà. Ẹni kẹtàdínlógún ni. Wan Laifu ló wà níwájú rẹ̀, ó fi okùn fa ẹlẹ́dẹ̀ tuntun tó ń gbé lọ sọ́jà lọ́wọ́. Bí ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún ṣe rí Dókítà Ge, ó sá sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Ó jọ pé àwọn ẹbí rẹ̀ ti ròyìn fún un.