Òrùlé Ọ̀gá Àfikún

Bí ẹ bá fẹ́ kí olùkọ́ ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ wa dá yín lóhùn, ẹ má pè é ní olùkọ́ lásán. Ẹ pè é ní Ọba Nọ́ńbà, Agbọ́ngbọ́n-bí-Agogo. Àwa tí a jọ ń jókòó ní yàrá olùkọ́ ń pè é ní Àfikún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fún un ní àga, á béèrè tìmùtìmù. Ẹ kí i, á dúró kí ẹ tún un kí.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ kọ́ ilé-ìkàwé tuntun, ayàwòrán-ilé kan, obìnrin tó mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ti wá wọn ilẹ̀ kí Àfikún tó sáré wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà wa.

"Mà, ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn máa lọ sinmi. Kí ni ilé bí kò ṣe ìlà? Kí ni ìlà bí kò ṣe ìṣirò? Ta ni ìṣirò bí kò ṣe èmi?"

Ọ̀gá àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ẹ lè ya òrùlé?"

"Inú orí mi ló wà, mà."

Wọ́n gbà fún un. Ipò igbákejì ọ̀gá àgbà ló wà lọ́kàn Àfikún. Kò tíì débẹ̀, àmọ́ ó ti ya ọ́fíìsì igbákejì sí àárín ilé-ìkàwé, kí ṣóńṣó òrùlé lè wà lókè orí rẹ̀ gan-an.

Inú ìwé ìṣirò àtijọ́ kan ló ti rí bí wọ́n ṣe ń fi iye-láìlódì ya òrùlé. Kò le rárá. Dúró sí àárín ilé, máa rìn kúrò níbẹ̀, kí o sì ka bí o ṣe jìnnà sí i tó. Bí o lọ sọ́tùn-ún, bí o lọ sósì, iye kan náà ni, kò mọ òdì. Yọ iye yẹn kúrò nínú gíga ṣóńṣó, bí o bá sì ṣe ń jìnnà ni òrùlé á máa rọra wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, rí i tó ń fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́.

"Kí lẹ ń pa rẹ́, Bàbá Kékeré?"

"Àmì ìyọkúrò. Èmi, ìyọkúrò nínú iṣẹ́ tèmi? Àròpọ̀ ni mo fi rọ́pò ẹ̀."

"Bóyá ó nídìí tí wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ìlara nìdí ẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò fẹ́ kí ilé ẹlòmíì ga."

Ó gbé nọ́ńbà náà fún káfíńtà pé kó fi ṣe ilé pákó kékeré tí wọ́n á fi han àwọn òbí bí ilé-ìkàwé náà á ṣe rí, kó sì faṣọ bò ó. Òun fúnra rẹ̀ kò tú u wò. Kí ló fẹ́ wò lára iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀?

Ọjọ́ ìfihàn pé. Àwọn òbí kún gbọ̀ngán, akẹ́kọ̀ọ́ tò sẹ́yìn. Àfikún ki ara rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀, ó wá fa aṣọ náà kúrò.

Ọ̀tún òrùlé nà sókè, òsì nà sókè, bí etí ehoro tó gbúròó ajá. Àárín ló tẹ̀ wọnú bí kòtò. Nísàlẹ̀ kòtò yẹn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ọ́FÍÌSÌ IGBÁKEJÌ.

Bàbá kan nídìí fèrèsé rọra béèrè pé, "Olùkọ́, ṣé wọn ò gbé e dorí kodò?"

Àfikún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn ilé náà. Ilẹ̀kùn dúró dáadáa. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, sà. Òrùlé ìgbàlódé ni. Ó máa ń darí omi òjò."

"Sí ibo?"

Ìka rẹ̀ ti nà sí ọ́fíìsì kí ẹnu rẹ̀ tó rántí láti dákẹ́.

Ọ̀gá àgbà dìde, ó gbé ife omi rẹ̀, ó dà á sórí òrùlé. Omi ṣàn láti ọ̀tún, ó ṣàn láti òsì, ó pàdé lókè ọ́fíìsì, ó sì já wọlé. Àfikún sáré gbé ilé náà, ni ìyókù bá dà sí i nítan.

"Kí lẹ ṣe sí ìṣirò yìí?" ọ̀gá àgbà béèrè.

"Mo... mo kàn fi àròpọ̀ rọ́pò ìyọkúrò, mà."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fúnra rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn òbí náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ò fẹ́ ìyọkúrò," ni ọ̀gá àgbà wí, "èmi fẹ́ ẹ. A yọ yín kúrò nínú iṣẹ́ yìí, a sì yọ ọ́fíìsì yẹn kúrò nínú ilé. Ẹ bá mi ránṣẹ́ sí ayàwòrán-ilé."

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ní í ru igbá rẹ̀ délé. Tiwa gbé odidi ilé-ìkàwé mọ́ abíyá gba àárín ìlú kọjá, omi ń kán tó-tó-tó lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ nígbà tó wọlé. Ó wo òkè, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ó wo ṣòkòtò ọkọ rẹ̀.

"Ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

Àfikún gbé ilé náà kalẹ̀. "Lórí ọ́fíìsì mi nìkan ni."