Baba Má-dàgbà àti Màlúù Tó Ń Jẹ́ Ọmọge

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni Baba Má-dàgbà. Òun kọ́ ló sọ fún wa o. Àbúrò rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́fà jù ló pé ọgọ́ta ọdún lọ́dún tó kọjá, a sì mọ ìṣirò. Tí ẹ bá bi òun fúnra rẹ̀, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ sí àádọ́ta ni, á wá fi ọwọ́ méjèèjì pa irùngbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Irùngbọ̀n náà dúdú minimini, ó dúdú ju ti ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, bí a ṣe máa ń kì í ní ọjà màlúù nìyí: Má-dàgbà, ọkọ dígí, ọ̀rẹ́ kóòmù, a-jí-kun-irùngbọ̀n-kó-tó-bọ́jú. Níwájú rẹ̀, "Ọ̀gá" là ń pè é, torí pé òun ni olórí àwọn tó ń ta màlúù, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi wà.

Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà lọ́jà náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ màlúù lórí sìmẹ́ńtì kó tó wọ ọgbà ìtajà, Ìyá Kànrìnkàn ló sì ń wẹ̀ wọ́n. Obìnrin yẹn mọṣẹ́. Á fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìgbẹ́ tó ti gan mọ́ itan, á fi èékánná yọ eégbọn lábẹ́ etí, á fọ pátákò, á ya irun ìrù títí tí á fi máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ara búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni òun àti ọmọ mẹ́ta ti ń jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà ńlá kan, Má-dàgbà fa màlúù kan wá síbi omi. Ìyá Kànrìnkàn wò ó, ó mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti lò láyé, ó ti bímọ mẹ́sàn-án, ó sì ti ṣe tán pẹ̀lú ọmọ bíbí. Dúdú ni, àmọ́ ewú ti gba ojú rẹ̀ láti imú títí dé iwájú orí.

"Ọmọge nìyí," ni Má-dàgbà wí.

"Ọmọge wo, Ọ̀gá?"

"Èyí tó wà níwájú ẹ. Ọmọ ọdún márùn-ún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí ẹ̀ ni."

Ìyá Kànrìnkàn wo ẹ̀yìn màlúù, ó wo abẹ́ rẹ̀. "Àkọ́bí náà dà?"

"Ó ń bọ̀. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan sọ ọ́, ó máa yá mi."

Ó wá mú sanpépà jáde lápò, ó ní kó fi ha ìwo. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí màlúù bá bí ló ń fi òrùka kan sílẹ̀ nídìí ìwo rẹ̀, ẹni tó bá mọ ẹran dáadáa á kàn kà á ni. Òrùka mẹ́sàn-án ló wà lára ìwo Ìyá Àgbà. Má-dàgbà fẹ́ kó ku ẹyọ kan. Ó tún gbé abọ́ dáì kan kalẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń pa irun láró, ó ní kó fi kun gbogbo ibi tó bá ti rí ewú.

Ìyá Kànrìnkàn ò mú sanpépà. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wẹ ẹran kó mọ́. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọjọ́ orí kúrò lára ẹran."

Má-dàgbà rẹ́rìn-ín. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ omi, ó ń yí i po lórí ìka. "Ta ló ń ṣí omi fún ẹ láràárọ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Tí mo bá tì í pa, kí lo máa fi wẹ̀ wọ́n? Itọ́?"

Obìnrin náà ronú kan àwọn ọmọ rẹ̀, ó mú sanpépà. Ó ha ìwo, ó fi òróró kùn ún, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kékeré kun ojú màlúù láró. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an, ojú sì ń tì í lójú màlúù yẹn, nítorí láti ọdún mẹ́wàá ló ti ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí, dáì díẹ̀ ṣẹ́kù nínú abọ́. Má-dàgbà kì í fi nǹkan ṣòfò. Ó gbé dígí rẹ̀ kọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, ó fi ìyókù kun irùngbọ̀n ara rẹ̀, ìyẹn lórí èyí tó ti kùn nílé. Bí àwọn méjèèjì ṣe di ọ̀dọ́ pa pọ̀ nínú abọ́ kan nìyẹn.

Ọmọ màlúù náà dé, ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Ọmọge tuntun wa wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ojú sápá ibòmíràn. Nígbà tí ọmọ tún sún mọ́ ọn, ó fi ìwo tì í dànù.

"Kò gbà á," ni Ìyá Kànrìnkàn wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú rẹ̀ dùn.

"Ó máa gbà á. Mú iyọ̀ wá." Má-dàgbà da iyọ̀ sínú omi díẹ̀, ó pò ó ki. Nígbà tí obìnrin náà nawọ́ kó bá a gbé e, ó lu ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Fi sílẹ̀. Iṣẹ́ àgbà nìyí." Ó rántí ara rẹ̀. "Iṣẹ́ ọ̀gá ni mo ní lọ́kàn."

Ọwọ́ méjèèjì ló fi pa omi iyọ̀ náà sí ẹ̀yìn ọmọ màlúù, láti ọrùn dé ìdí. Kò pẹ́ tí màlúù fi gbóòórùn rẹ̀. Ó yọ ahọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni pé òun ló bí i. Má-dàgbà dúró sẹ́yìn, ó pa irùngbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. "Ìfẹ́ abiyamọ," ló wí. Wọ́n ti ń pè é nínú ọgbà, kò ráyè fọwọ́.

Ẹni tó fẹ́ ra màlúù ni agbẹ̀bí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wàrà ló fẹ́ máa tà. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pátá ló wà nínú báàgì tó gbá mọ́ àyà yẹn, kò sì ní òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí màlúù po lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn ti pé lé wọn lórí.

"Ìgbà wo ló bímọ?" ni agbẹ̀bí bi í.

"Oṣù kan àtààbọ̀, màámi." Má-dàgbà fi ọdún méje ju obìnrin tó ń pè ní màámi yìí lọ.

"Ṣé ó rọbí pẹ́?"

"Rárá o. Ó kàn sín ni, ọmọ sì jáde."

"Ọmú ẹ̀ gbẹ."

"Ọmọ yẹn lọ̀kánjúwà, màámi. Ó ti fà á tán láàárọ̀ yìí."

"Kí ló wá dé tí ikùn ọmọ náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn?"

"Eré ló ń sá jù. Ẹ má wo ti ikùn, ẹ wo bí ìyá ẹ̀ ṣe ń lá a. Ẹ sọ òótọ́, ẹ ti rí irú ìfẹ́ yìí rí? Èmi ò lè parọ́ fún yín. Ẹni tó bá ń fi ẹran ogbó tan èèyàn, kí ojú ti olúwarẹ̀ láàárín ọjà."

Màlúù náà ń lá ọmọ kíkankíkan lóòótọ́. Àánú ṣe agbẹ̀bí. Ìyá tó ń tọ́jú ọmọ, ó ti rí púpọ̀ nínú wọn láyé rẹ̀, ó sì fẹ́ràn wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ṣíìpù báàgì rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó ṣí i tán ló rí Ìyá Kànrìnkàn tó gbé garawa dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.

"Ṣé ìwọ lo wẹ̀ ẹ́, àbúrò mi?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ tó o fọwọ́ kan gbogbo ara ẹ̀, ṣé ọmọ ọdún márùn-ún ni lóòótọ́?"

Má-dàgbà yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, ó tún ń yí i lórí ìka. Ìyá Kànrìnkàn wo kọ́kọ́rọ́, ó wo báàgì agbẹ̀bí. Ó gbé garawa sílẹ̀.

"Mà, ẹ là á lẹ́nu. Ẹ wo eyín ẹ̀ fúnra yín."

Ariwo sọ. Agbẹ̀bí ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Kó tó sún mọ́ ọn, Má-dàgbà ti fò wọ àárín. "Ẹ ò lè la ọmọge lẹ́nu ní gbangba," ló wí. "Ojú máa ń tì í." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹnu màlúù mú, ó dì í pinpin.

Iyọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màlúù fi imú fín in, ó yọ ahọ́n, ó lá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó lá àárín ìka. Ó fi ọmọ sílẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé iyọ̀ náà lọ sókè títí tó fi kan irùngbọ̀n. Má-dàgbà fẹ́ sá sẹ́yìn, àmọ́ igi ọgbà ti dí i lẹ́yìn. Ahọ́n màlúù le, ó sì gùn. Ó lá a láti àgbọ̀n títí dé etí, ìlà funfun kan yọ. Ó tún lá a, ìlà náà fẹ̀ sí i. Dáì tó kùn láàárọ̀ ò tíì ráyè gbẹ, èyí tó ti kùn nílé sì bá a lọ. Bí màlúù ṣe ń fi iwájú orí ra mọ́ agbádá funfun tí Má-dàgbà wọ̀, ni aró ojú tirẹ̀ náà ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ewú ń jáde. Ní ìṣẹ́jú kan, àgbàlagbà méjì ló kojú síra wọn nínú ọgbà yẹn.

Ọ̀rẹ́ Má-dàgbà ló kọ́kọ́ wọlé, ó so okùn mọ́ ọmọ màlúù lọ́rùn. "Ọ̀gá, tí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ jẹ́ kí n máa mú un lọ," ló wí. "Ìyá ẹ̀ ń ké nílé."

Agbẹ̀bí fa ṣíìpù báàgì rẹ̀ padà. Ó wo màlúù tó ń lá irùngbọ̀n, ó wo irùngbọ̀n, ó sì tẹ orí ba fún màlúù náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu," ló wí. "Ọmọ yín ti dàgbà o."

Ọjà dàrú. Àwọn alápatà fi ọ̀bẹ sílẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

Má-dàgbà nàka sí Ìyá Kànrìnkàn. "Ìwọ obìnrin yìí, o ò ní fi omi yẹn wẹ ẹran mọ́ láyé."

Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń ta màlúù, bàbá kan tí irun rẹ̀ funfun tí kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, na ọwọ́ sí i. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Kọ́kọ́rọ́ wo?"

"Ti omi. Ẹ̀rín tó o kó bá wa lónìí ti tó. Ta ló tún máa gbà pé màlúù wa dúdú láti ọ̀run wá?"

Má-dàgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tó máa gbè é. Irùngbọ̀n rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ó mú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, bàbá náà sì gbé e fún Ìyá Kànrìnkàn. Obìnrin náà ṣí omi. Ó bu omi tó mọ́ sínú abọ́, ó gbé e lọ bá Má-dàgbà. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, àánú rẹ̀ ló ṣe é díẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ bọ́jú."

Má-dàgbà wo omi náà. Ìdajì irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Tó bá bọ́jú, ìyẹn náà á lọ. Ó mi orí, ó fa okùn màlúù, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Agbẹ̀bí ti ń bẹ Ìyá Kànrìnkàn pé kó bá òun yan màlúù mìíràn, èyí tí òun lè là lẹ́nu.

Ẹnu ọ̀nà ni akọ̀wé kan máa ń jókòó sí, tó ń kọ gbogbo ẹran tó bá jáde sínú ìwé. Kò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀. "Kí lẹ ń mú jáde, Ọ̀gá?"

"Màlúù kan."

"Ó ní ọmọ o," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti tẹ̀ lé wọn débẹ̀. "Má gbàgbé ọmọ ẹ̀."

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ màlúù. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò rí ọmọ kankan. Nígbà tó gbójú sókè, màlúù ti na ọrùn, ó ń lá Má-dàgbà létí pẹ̀lú sùúrù, ó ń wẹ̀ ẹ́ mọ́. Akọ̀wé wò wọ́n títí. Ó wá tẹ báírò mọ́ ìwé, ó ń kà á síta bó ṣe ń kọ ọ́.

"Màlúù kan. Ọmọ kan." Ó yí ìwé sí i. "Ẹ fọwọ́ sí i níbí."

Má-dàgbà fẹ́ tètè kúrò níbẹ̀. Ó gba báírò, ó fọwọ́ sí i.