Òkúta Rédíò Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Rán Mi Lọ Sẹ́wọ̀n

Ọjọ́ tí sójà kan wọ ọ́fíìsì wa ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, tó pe orúkọ mi pẹ̀lú orúkọ bàbá mi, kò tíì jáde lọ́kàn mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Tí mo bá rántí rẹ̀, màá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà màá dìde lọ wò ó bóyá mo ti ilẹ̀kùn.

Ayé ìjọba sójà ni. Owó oṣù ń falẹ̀, epo mọ́tò di ohun tí èèyàn ń tò fún látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iná ìjọba sì dà bí àlejò tó kàn ń yọjú lójú ilẹ̀kùn tí kì í jókòó. Akọ̀wé kékeré ni mí níléeṣẹ́ ìjọba, àmọ́ mo ní iṣẹ́ kejì tí mo fẹ́ràn ju àkọ́kọ́ lọ. Ìwé ìròyìn Yorùbá kan wà ní Àkúrẹ́ nígbà náà tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni mo sì ń kọ ojú-ewé orin. Àwọn ọ̀dọ́ tó fi owó ara wọn gbé àwo jáde, tí kò sí iléeṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn, á mú kásẹ́ẹ̀tì wọn wá bá olóòtú. Olóòtú á kó o fún mi, èmi á gbọ́ ọ, màá sì sọ fún aráyé bó ṣe rí lára mi. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní orin rí. Àmọ́ mo ní ẹnu, mo sì ní rédíò kásẹ́ẹ̀tì.

Rédíò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Òkúta ńláńlá mẹ́rin, tí àwọn mìíràn ń pè ní bátìrì, ló ń lò, òkúta tuntun sì ti wọ́n kọjá agbára mi. Bí gbogbo èèyàn ìgbà náà, mo ń sá òkúta mi sóòrùn kí agbára rẹ̀ lè padà díẹ̀. Ojú fèrèsé ọ́fíìsì ni mo máa ń tò wọ́n sí láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, tí àwọn yòókù lọ jẹun, màá kó wọn sínú rédíò, màá wá gbé etí lé e. Màmá Bísí, obìnrin Òkìtìpupa tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, máa ń sọ pé, "Ẹ má fi òkúta yìí jó ọ́fíìsì ìjọba mọ́ wa lórí o." Èmi á ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ní oṣù tí mò ń sọ yìí, kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wọlé tẹ̀ léra wọn. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin onígìtá kan láti Ìjù. Mo kọ ọ́ pé orin wọn ní ìfarabalẹ̀, pé wọn kì í kánjú bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ìkejì jẹ́ ti ẹgbẹ́ akọrin kan tí wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára páálí rẹ̀. Mo ní àgbà ọkùnrin tí ojú wọn ti rí nǹkan ló ń kọrin níbẹ̀. Ìkẹta wá jẹ́ ti ẹnì kan tó ń jẹ́ Ṣọlá Ekìmògún, láti Oǹdó. Kò sí fọ́tò lára páálí, bébà funfun lásán tí wọ́n tẹ orúkọ sí ni. Mo fi sínú rédíò. Ohùn ọkùnrin tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ mú omi bọ́ lójú mi. Ó jinlẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó jọ ohùn ẹni tó ti rẹ̀ dé inú egungun.

Mo jókòó, mo kọ ohun tí mo gbà pé ó dáa jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ rí. Mo ní orin ìpínlẹ̀ wa ń falẹ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni pé ìyà ń jẹ àwọn èèyàn. Mo ní, "Arákùnrin Ṣọlá ní ká jó, àmọ́ ẹ tẹ́tí sí bó ṣe sọ ọ́: bí ọkùnrin tó fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀wọ̀ wá sí Àkúrẹ́ nítorí pé kò rí epo." Olóòtú bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní irú àròjinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ti orí kékeré jáde. Mo gbà á gbọ́, ẹ ò rí i bí mo ṣe ń rìn lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìwé ìròyìn jáde. Ní ọjọ́ Ajé, mo ń to òkúta sójú fèrèsé lọ́wọ́ nígbà tí jíìpù sójà kan dúró nísàlẹ̀. Mo gbọ́ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan wọlé pẹ̀lú àmì sájẹ́ǹtì léjìká, ó pe orúkọ mi, ó sì fa ìwé ìròyìn kan yọ lápò àyà.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń pariwo lórí mi: ìyà ń jẹ àwọn èèyàn. Ta ló rán mi? Ọ̀rọ̀ orin ni wọ́n ní kí n kọ, èmi lọ ń bá ìjọba wí. Mo ti gbọ́ nípa àwọn oníwèé ìròyìn tí wọ́n gbé báyìí, tí àwọn ará ilé wọn ò tíì rí wọn títí di ìgbà náà.

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, sà," mo dáhùn, "àmọ́ ọkàn mi ò sí níbẹ̀."

Ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Màmá Bísí, tó jẹ́ pé láàárọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bu ẹ̀pà fún mi, ní, "A ò mọ̀ ọ́n dáadáa, sà. Ìjókòó wa ló kàn kọjú síra."

"Kásẹ́ẹ̀tì tí o gbọ́ dà?" sójà béèrè. "Mú un. Mú rédíò tí o fi gbọ́ ọ náà dání. Oǹdó là ń lọ."

Mo ṣa òkúta mi jọ lójú fèrèsé, ọ̀kan bọ́ yí lọ sábẹ́ tábìlì Màmá Bísí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi tì í padà sí mi. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un.

Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló ń wa jíìpù. Oko kòkó ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, èmi sì gbé rédíò lé orí itan bí ọmọ. Nígbà tá a dé Ọ̀wẹ̀nà, ó dúró nítòsí afárá, ó bọ́ sílẹ̀. Mo wo omi, mo wo igbó, mo dijú. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé tí mo bá débi tí mo ti wá, àwọn orin inú ìwé ìsìn nìkan ni màá máa gbọ́. Nígbà tí mo lajú, sájẹ́ǹtì ti ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, ó na tèmi sí mi.

"Jẹ ẹ́."

Oúnjẹ ìkẹyìn nìyí, ni mo wí lọ́kàn. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé lójú, ẹ̀rù sì ń bà mí débi pé mi ò mọ̀ bóyá ó pọ́n tàbí kò pọ́n. Ibẹ̀ ló ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ohùn ọkùnrin tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé lóòótọ́ ló dùn?"

Mo rò pé ilẹ̀kùn àánú ló ṣí. Mo ní, "Ó dùn, sà! Ó jinlẹ̀. Ohùn ẹni tó mọ ìfẹ́ dáadáa ni."

Ó ju ìyókù bọ̀ọ̀lì rẹ̀ sínú igbó, ó sì ki jíìpù mọ́lẹ̀. Látibẹ̀ dé Oǹdó, a ò tẹ bíréèkì.

Ilé bíríkì kan tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ la dúró sí. Ìyá àgbàlagbà kan, ìyá sájẹ́ǹtì, jókòó síbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àpótí aṣọ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ti fi okùn dì. Sájẹ́ǹtì ké sínú ilé, ọ̀dọ́bìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan jáde, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tó ti sunkún.

"Ìyàwó mi nìyí," ni sájẹ́ǹtì wí fún mi. "Òun ló ń jẹ́ Ṣọlá Ekìmògún. Owó mi ló fi ṣe àwo yìí nígbà tí mo wà ní bárékè lókè ọya. Ó ní òun nìkan ló kọ gbogbo orin ibẹ̀. Ìwé ìròyìn yín ní ọkùnrin ni. Ta ni ọkùnrin náà?"

Ẹ wò mí! Ọ̀rọ̀ ìjọba tí mo ti ń gbàdúrà lé lórí, kò sí níbẹ̀ rárá. Èyí burú jù ú lọ.

Ìyàwó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi sọ òótọ́. Mo lu kásẹ́ẹ̀tì tó wà nílé fún ọkọ mi gbọ́, wọ́n ní mo ti pààrọ̀ rẹ̀, pé èyí tó dé Àkúrẹ́ ni ojúlówó. Láti ìjẹta ni wọn ò ti fẹnu kan oúnjẹ mi. Wọ́n ní tí ohùn ọkùnrin bá fi lè jáde níbẹ̀, kí n máa lọ sílé bàbá mi lónìí."

Ìyá àgbà ò gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí. "Ẹnikẹ́ni ò ní kúrò ní ulé yìí nítorí ìwé ìròyìn," ni wọ́n wí.

Sájẹ́ǹtì ní kí n tan rédíò. Mo ki òkúta bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì yí, ohùn sì jáde. Ohùn ọkùnrin ni. Ó ń fà á lọ gbọọrọ: "Ẹ jóóóó…"

Sájẹ́ǹtì dìde. Ìyàwó rẹ̀ ká ọwọ́ lé orí, ó ké pé, "Èmi kọ́ nìyẹn! Mi ò mọ ẹni yẹn rí!" Ìyá àgbà pe Jésù.

"Ọkùnrin ni àbí ọkùnrin kọ́?" sájẹ́ǹtì bi mí, ó ti ń tú bẹ́líìtì rẹ̀.

Mo fẹ́ dáhùn, àmọ́ nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin inú rédíò. Ohùn rẹ̀ tún ń lọ sílẹ̀ sí i, ó di ti màlúù tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, gìtá náà sì ń sunkún tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ yẹn, sójà dé kí òkúta mi tó rí oòrùn. Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí mo bá panu mọ́, sájẹ́ǹtì á gbà pé mo mọ iṣẹ́ mi, á sì dá mi padà sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú gbogbo eyín mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, bẹ́líìtì yẹn kò ní pẹ́ mọ ẹ̀yìn mi. Mo wo àpótí tí wọ́n fi okùn dì.

"Òkúta ni, sà."

"Kí ni?"

"Òkúta rédíò mi ló ti kú, kásẹ́ẹ̀tì wá ń falẹ̀, ohùn sì ń ki. Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Èmi ni mo sọ ìyàwó yín di ọkùnrin."

Sájẹ́ǹtì wọlé, ó gbé tọ́ọ̀ṣì ńlá rẹ̀ jáde, ó tú òkúta inú rẹ̀, ó kì wọ́n bọ rédíò fúnra rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin tó mọ́ gaara bẹ́ jáde, ó ń sáré, ó ń fò, ó ní ká jó, lóòótọ́ ló sì fẹ́ ká jó. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dànù. Sájẹ́ǹtì ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ síbi àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn, ojú tì í débi pé kò lè gbójú sókè.

"Ṣọlá, má bínú," ni ó wí.

Èmi ni ìyàwó kọjú sí. "Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, ẹ jókòó. Ẹ ò tíì gbọ́ àwo mi. Ẹ máa gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin níṣojú mi, kí ẹ wá sọ bó ṣe rí lára yín."

Ibí lẹ̀rù ti wá bà mí jù. Nítorí mo gbọ́ ọ, orin lẹ́yìn orin, àwo náà kò sì dùn tó bí mo ṣe kọ ọ́! Ìlù ń bo ohùn, ìlù ń bo gìtá. Orin kan ṣoṣo ló mú mi, èyí tó kọ nípa ilé tí ẹni tó ni ín kò sí nínú rẹ̀, tí ìlù fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Nígbà tó parí, bẹ́líìtì sájẹ́ǹtì ṣì wà lórí àga.

"Báwo ló ṣe rí?" ni ìyàwó béèrè.

Mo ti fi irọ́ tí mi ò mọ̀ pé irọ́ ni da ilé rú, mi ò tún lè fi èyí tí mo mọ̀ kún un. Mo ní, "Orin tó dákẹ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Àwọn yòókù… ìlù ti pọ̀ jù, mà." Mo dijú, mo ń dúró de ìgbájú.

Ohun tí mo gbọ́ ni àtẹ́wọ́. Ìyàwó ti yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbọ́? Mo sọ fún yín! Ta ló kọ̀wé láti òkè ọya pé owó òun ò lè ṣe orin tí kò ní ìlù púpọ̀?" Sájẹ́ǹtì wo bàtà rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí sójà tí ẹ̀rù ń bà.

Ó dá mi padà sí Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́, ó fún mi ní òkúta tuntun, ó ní kí n fi tún ọ̀rọ̀ mi kọ. Nílé, mo kọ́kọ́ fi wọ́n gbọ́ àwo méjì tó ṣáájú. Àwọn onígìtá Ìjù tí mo ní wọn kì í kánjú, àfi bí ẹni tí ajá ń lé. Àwọn àgbà ọkùnrin tí ojú wọn ti rí nǹkan ńkọ́? Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n! Mo pa rédíò. Mo rò ó pé ọ̀kan nínú bàbá àwọn ọmọ yẹn kò ní ṣaláì jẹ́ sójà, mo sì fi tábìlì ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ, mo sì tọrọ àforíjì. Látìgbà náà, kí n tó kọ ọ́ pé ayé ti bàjẹ́, màá kọ́kọ́ wo òkúta mi. Nígbà tó ṣe, Ṣọlá gbé àwo mìíràn jáde, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Fọ́tò rẹ̀ ló gba gbogbo iwájú páálí, ó rẹ́rìn-ín, ìlù inú rẹ̀ kò ju kín-ún lọ. Ó fi okùn di òkúta tuntun mẹ́rin mọ́ ọn. Okùn àpótí yẹn ni.