Ohun Tí Láòṣebìkan Ń Wò Lẹ́yìn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Wọ́n á ti sọ fún yín pé ọgbọ́n ló wà nídìí ẹ̀, pé àgbà máa ń ro ohun tó gbé e ṣubú kó tó dìde. Ó dùn létí. Ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta rí. Àwọn mìíràn á tún ní òwe yìí ti wà kí kẹ̀kẹ́ tó dé ilẹ̀ wa. Wọn ò sí níbẹ̀. Èmi náà ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi mọ orúkọ ẹni tó ṣubú. Ohun tí mo fi jù wọ́n lọ nìyẹn.

Láòṣebìkan lorúkọ ẹ̀, ará Ìdí-Àpáta, ìlú tí òkúta ti pọ̀ ju ilé lọ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé kẹ̀kẹ́ lòun fi jẹun. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òǹtẹ̀ ló ń tẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó sún mọ́ ọn jù lẹ́nu iṣẹ́ ni èyí tí wọ́n gbé ti ògiri lẹ́yìn àga ẹ̀, ìyẹn ò sì ní táyà.

Ìbíyẹmí, ìyàwó ẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún ayé. Aránṣọ ni. Ọgbọ̀n ọdún yẹn náà lòun fi ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì yí ẹ̀rọ ìránṣọ láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, tí itan obìnrin náà fi le bí odó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Ìdí-Àpáta tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Agùnkẹ̀kẹ́-Gòkè. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń gbé kẹ̀kẹ́ onítáyà gbàǹgbà, irú èyí tó ń gun òkúta bí ewúrẹ́, wọ inú igbó lọ. Wọ́n á gba ọ̀nà oko gun òkè, wọ́n á sì tún padà sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n lọ mú wá, wọ́n á ní afẹ́fẹ́.

Nínú ẹgbẹ́ yìí, wọn kì í wo ewú orí. Bí wọ́n ṣe ń ka àgbà láàárín àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n ń kà á: ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé. Sátidé kan ni Láòṣebìkan wọ ẹgbẹ́. Ìyàwó ẹ̀ wọ̀ ọ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, nítorí ó ṣì ń ran ṣòkòtò tí ọkọ ẹ̀ fẹ́ẹ́ wọ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Bí ṣòkòtò ṣe sọ Láòṣebìkan di àgbà nìyẹn, tó sì sọ Ìbíyẹmí, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ìyá ọmọ mẹ́rin, di ọmọdé. Òun ló ń bá àwọn àgbà fọ kẹ̀kẹ́ bí wọ́n bá dé láti oko afẹ́fẹ́.

Nígbà tó yá, oyè Atọ́nà wọ Láòṣebìkan lójú. Atọ́nà ló ń ṣíwájú, òun nìkan ló sì ní agogo idẹ lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Sàlámì tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló wà lórí oyè nígbà náà, Sàlámì sì fẹ́ràn àtimáa ṣubú. Láòṣebìkan bá dìde nípàdé, ó gbé òfin kalẹ̀ pé Atọ́nà tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìdíje kan, tí ẹlẹ́rìí sì wà, kó gbé agogo sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹlẹ́rìí tún ti jẹ́?"

Ó ní, "Ìṣubú tí ẹnikẹ́ni ò rí, ìdùbúlẹ̀ ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kí oṣù tó parí, Sàlámì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìdíje kan lójú gbogbo èèyàn, agogo di ti Láòṣebìkan. Ó ń lù ú kó tó jẹun. Ó ń lù ú bó bá jẹun tán.

Òfin kejì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn tó fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ ké pé, "Àgò o!" Bí ẹni iwájú bá dáhùn pé "Àgò yà," kó kọjá. Bí kò bá dáhùn, kó máa tẹ̀ lé e. Odindi ọdún méjì ni Ìbíyẹmí fi ń kágò lẹ́yìn ọkọ ẹ̀. Agogo ni ọkọ fi ń dá a lóhùn: gbangan!

Ó wá kan ọjọ́ Ìdíje Tọkọtaya. Tọkọtaya mẹ́sàn-án ló máa gbéra láti ẹsẹ̀ àpáta, wọ́n á gun òkè, wọ́n á gba inú oko, wọ́n á kọjá lórí odò, wọ́n á já sí pápá ilé ẹ̀kọ́, níbi tí Bàbá Òjédìran, adájọ́ ìdíje, jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò. Ọkọ ni ẹlẹ́rìí ìyàwó, ìyàwó ni ẹlẹ́rìí ọkọ. Ẹni tó bá dé, Bàbá Òjédìran á bi í léèrè iye ìgbà tí ẹnìkejì ẹ̀ ṣubú.

Láòṣebìkan ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti àná. Bí wọ́n ṣe ń de akoto mọ́rí, ó sún mọ́ ìyàwó ẹ̀.

"Ìyá Fọlárìn, ojú ẹ kì í ríran dáadáa lórí òkè, àbí?"

"Bàbá Fọlárìn, mo ti òwú bọ abẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí, mi ò lo dígí."

"Abẹ́rẹ́ wà nítòsí. Èmi máa wà lókèèrè."

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ni Ìbíyẹmí wí, ó sì gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀.

Wọ́n gòkè. Láòṣebìkan wà níwájú, ó ń mí bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Ìbíyẹmí wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ń kọrin sínú. Nígbà tí wọ́n dé góńgó, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀, gbòǹgbò kan wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dúró. Láòṣebìkan ò dúró.

Nígbà tó balẹ̀, kò yẹ orúnkún ẹ̀ wò. Kò wo kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn ló yíjú sí wàrà. Ìbíyẹmí ti fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń wo orí igi.

"Ṣé o rí nǹkan?"

"Àgbìgbò kan ló bà sórí igi yẹn. Ẹ wo bí orí ẹ̀ ṣe tóbi."

"O ò rí mi?"

"Kí lẹ ṣe?"

"Mo ń yẹ ilẹ̀ wò. Ilẹ̀ ibí yìí le."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Kí ló ń jẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́, ìwọ tó ò rí nǹkan kan?"

"Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ pé ilẹ̀ le."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú oko iṣu. Ọ̀nà há, ebè sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni Láòṣebìkan ti gbọ́ gbì lẹ́yìn. Ìbíyẹmí ti fi èjìká gbá ebè kan fọ́. Ọkọ ẹ̀ rò pé á wo òun, kó lè bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò wo ẹnìkan. Ó wo táyà iwájú, ó wo ibi tí ọ̀nà ti yà níwájú, ó na ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó wọ́, ó sì gbẹ́sẹ̀ gùn ún padà kí eruku tó lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan!" Gbangan! "Mo rí ẹ o! Ọmọdé lásánlàsàn!"

"Ẹ rí mi," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹ máa lọ, ẹ dínà."

Inú Láòṣebìkan dùn dé oko ẹ̀gẹ́. Bàbá arúgbó kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún wà létí ọ̀nà níbẹ̀, ó dúró ti kòtò tó rẹ ẹ̀gẹ́ sí láti ọjọ́ mẹ́rin, tí òórùn ẹ̀ ti ń dá òórùn mìíràn dúró.

"Ẹ kú ìrìn o!" ni bàbá náà wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo ti fẹ́ gba ẹjọ́ Láòṣebìkan rò díẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ nílé. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í jókòó lórí nǹkan kí arúgbó. Ó gbàgbé pé nǹkan ọ̀hún ń lọ. Ó yọ ọwọ́ méjèèjì lórí kẹ̀kẹ́, ó tẹ̀ síwájú láti fi ọ̀wọ̀ kí i, ó sì fi àyà lé inú ẹ̀gẹ́ rírẹ, pọ̀ọ̀!

Bàbá arúgbó náà gbọ́wọ́ sókè. "Ó tó, ó tó! Dìde, ọmọ mi! Ọmọ ayé òde òní wo ló tún ń dọ̀bálẹ̀ báyìí?"

Láòṣebìkan gbórí sókè. Ẹ̀gẹ́ wà ní etí ẹ̀ méjèèjì. Ó wo ẹ̀yìn. Ìbíyẹmí ń wo ojú ọ̀run.

"Ó dà bíi pé òjò máa rọ̀ lọ́la," ni ìyẹn wí.

"Ìyá Fọlárìn, kí ni mo ṣe níbí yìí?"

"Bàbá yìí ní ẹ dọ̀bálẹ̀ ni. Èmi ò lè já àgbà nírọ́."

Wọ́n tún gbéra. Àmọ́ ọkàn Láòṣebìkan ò balẹ̀ mọ́. Méjì ti lọ, ẹyọ kan ló kù láàárín òun àti ìtìjú, obìnrin yìí sì dákẹ́ jù. Tó bá rí àkọ́kọ́ ńkọ́? Tí àgbìgbò yẹn ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wẹ̀yìn. Ó bojú wẹ̀yìn níbi tí ọ̀nà tẹ́jú, ó bojú wẹ̀yìn níbi tó dagun. Nígbà tí yóò fi di pé wọ́n ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò, kó tó ṣubú ló ti ń wo ẹ̀yìn.

Pákó méjì ni wọ́n tẹ́ sórí odò yẹn.

"Bàbá Fọlárìn, ẹ wo iwájú!"

"Ọmọdé kì í kọ́ àgbà ní..."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọmọdé kì í kọ́ àgbà. Ìyókù gbólóhùn yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ odò.

Nígbà tó yọ orí, omi mu ún dé ìbàdí, ẹrẹ̀ sì mu ún dé ibi tó kù. Ó wo ẹ̀yìn. Ìbíyẹmí wà lórí pákó, ojú ẹ̀ kọjú sí òdìkejì odò.

"Àgò o!"

"Ṣé o rí mi?"

"Bàbá Fọlárìn, àgò ni mo wí. Kẹ̀kẹ́ yín ti dí pákó. Sàlámì àti ìyàwó ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn."

Láòṣebìkan nawọ́ sí agogo tó ti rì sínú omi, bó ti ń ṣe láti ọdún méjì. Ó lù ú. Omi ló jáde.

Ẹ̀rín Sàlámì tún sún mọ́ tòsí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn, tín-ín-rín bí ohùn èèrà: "Àgò... yà."

Ó fa kẹ̀kẹ́ kúrò. Ìbíyẹmí kọjá lórí pákó bí òwú ṣe ń kọjá lójú abẹ́rẹ́, ó sì lọ. Ọkọ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ lè sáré tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Láòṣebìkan fi máa yọ sí etí pápá, ìyàwó ẹ̀ ti wà níwájú adájọ́. Gbogbo ìlú ló péjọ síbẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Bàbá Òjédìran kedere.

"Ìbíyẹmí, ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, Bàbá. Inú ebè iṣu."

"Ọkọ ẹ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Láòṣebìkan gbé ẹsẹ̀ dúró lórí kẹ̀kẹ́, kò yí i mọ́. Táyà ń yí fúnra ẹ̀. Ìbíyẹmí nu òógùn ojú ẹ̀, kò kánjú.

"Bàbá, mo wo ẹyẹ, mo wo ojú ọ̀run, mo wo ọ̀nà. Èmi ò rí ìṣubú kankan."

Ayọ̀ gba ọkàn Láòṣebìkan! Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí olórin. Gbòǹgbò igi máńgòrò náà ò kánjú, ibi tó wà ló ti ń dúró dè é. Kẹ̀kẹ́ gba ọ̀tún, oníkẹ̀kẹ́ gba òkè, ó sì wó lulẹ̀ gbàgà sí iwájú bàtà Bàbá Òjédìran, lójú tọkọtaya, lójú olùkọ́, lójú gbogbo ìlú pátá.

Ó gbórí sókè. Iwájú ẹ̀ ni gbogbo Ìdí-Àpáta wà, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Kò wò wọ́n. Ẹ̀yìn ló wò, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi ọ̀nà òfìfo àti ewúrẹ́ kan.

"Láòṣebìkan," ni Bàbá Òjédìran wí, "kí lò ń wò lẹ́yìn? Iwájú la wà."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mo ń wò ó bóyá ìyàwó mi rí mi ni."

"Èmi náà wà níwájú," ni Ìbíyẹmí wí. "Àmọ́ mo ń bu omi mu."

"Ṣé ẹ gbọ́!" Láòṣebìkan fò dìde, ó ń fi ìka han gbogbo èèyàn. "Kò rí mi! Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lónìí, kò rí ẹyọ kan ṣoṣo!"

Bàbá Òjédìran bọ́ dígí ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kelòó?"

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Láòṣebìkan fọ́, ó sì ń rùn bí ẹ̀gẹ́ rírẹ. Àkókò yẹn gan-an ni Sàlámì gun kẹ̀kẹ́ wọ pápá, ó ní láti etí odò lòun ti ń gbóòórùn fùfú, ta ló ń sè é?

Adájọ́ ò pẹ́ dájọ́. Ó ní ọmọdé ẹgbẹ́ yìí ṣubú, iwájú ló wò, òun ló kọ́kọ́ dé. Àgbà ẹgbẹ́ yìí ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀yìn ló ń wò, kí gbogbo èèyàn wo bó ṣe rí. Sàlámì fúnra ẹ̀ ló bá wọn tú agogo. Ó da omi inú ẹ̀ nù, ó sì so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ Ìbíyẹmí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìbíyẹmí ló ṣíwájú. Bí wọ́n ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti há, wọ́n gbọ́ ohùn Láòṣebìkan lẹ́yìn pátápátá.

"Àgò o!"

Gbangan!

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń fi ìgbéraga pa òwe yìí, ẹ fún wọn ní ọ̀wọ̀ wọn, kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, nítorí ó níbi tó ń lọ. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kì í ṣe ọgbọ́n ló ń wá lọ síbẹ̀ o. Ó ń wò ó bóyá ìyàwó òun rí òun ni.