Hóró Oògùn Tí Fálẹ́yẹ Fi Ṣe Èénì

Ẹjọ́ awọ ara ni wọ́n gbé wá síwájú Olóyè Bámigbóyè àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní Ìkòrò lánàá. Jọkẹ́ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ló pe Fálẹ́yẹ tó ń kiri oògùn lẹ́jọ́. Ojú Jọkẹ́ ti bó, ọrùn rẹ̀ ti bó.

"Olóyè, oògùn ara ríro ni mo ní kó dì fún mi. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má fi hóró funfun tó nílà láàárín sí i, torí ó mú ètè mi wú lọ́dún tó kọjá. Ó sì fi sí i, èmi náà ò wò ó kí n tó kó o mì. Nígbà tí mo máa jí, awọ ẹ̀yìn mi ti lẹ̀ mọ́ ẹní. Ọsibítù ló gbà mí lọ́wọ́ ikú."

"Fálẹ́yẹ, ṣé o fi sí i?"

"Mi ò tà á fún un, Olóyè. Èénì ni. Ta ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́ torí pé ó fún èèyàn ní nǹkan?"

Àwọn ìjòyè wo ara wọn.

"Àti pé awọ àtijọ́ ló lọ. Ẹ wo bí tuntun ṣe ń dán. Àwọn kan ń fowó ra ọṣẹ torí irú ẹ̀."

"Ìwọ náà lò ó, kó o dán," ni Jọkẹ́ wí.

"Ara mi ò gbà á."

Jacob ọ̀rẹ́ Fálẹ́yẹ dìde láti gbè é. "Oòrùn ló bó Jọkẹ́. Oko ló wà látàárọ̀ dalẹ́."

Abigail ìyàwó Fálẹ́yẹ náà fẹ́ gbè é. "Oko wo? Kò jáde nílé, ara ń ro ó. Èmi ni mo gbé oògùn náà lọ fún un. Mo tiẹ̀ bi ọkọ mi pé, ṣé kì í ṣe hóró tí Jọkẹ́ ní òun ò fẹ́ nìyí?"

Fálẹ́yẹ fi ìgúnpá gún un. Ó ti pẹ́ jù.

"O gbọ́ nìyẹn," Olóyè wí.

"Mo gbọ́, mo gbàgbé. Oníbàárà mi pọ̀. Ta ló lè rántí ohun tí ara gbogbo ayé ò gbà?"

"Ìwọ ni. Àpótí oògùn rẹ dúró lọ́dọ̀ mi. Lọ láti ilé dé ilé ní Ìkòrò, kó o bi tọmọdé tàgbà, oògùn wo ni ara wọn ò gbà. O ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó o bá parí, wá kà á fún wa ní àkọ́sórí. Èyí tó o bá gbàgbé, o máa gbé e mì níwájú wa."

"Olóyè, tí ara mi bá wá bó ńkọ́?"

"A ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dè ẹ́," ni Jọkẹ́ wí. "Ẹní máa ń lẹ̀ mọ́ ara."

Láàárọ̀ yìí, Fálẹ́yẹ kan ilẹ̀kùn mi. Ó bi mí oògùn tí ara mi ò gbà. Mo ní èyíkéyìí tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá.