Ọjọ́ tí Gafarou Lọ Tọrọ Ànísà

Gbìì! Gafarou ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àlájì Oumarou, bàbá Ànísà, ní pálọ̀ wọn ní Port-Bouët. Èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo tẹ̀lé e wá tọrọ ìyàwó.

Abidjan níbí ni wọ́n bí Gafarou sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ní kóun sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ á máa sá lọ bíi mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ ní gbólóhùn kan ṣoṣo: "Mi ò lè ṣàì fẹ́ Ànísà." Ìyẹn ni pé dandan ni kóun fẹ́ ẹ.

Kí ló dé tí mi ò kọ́ ọ ní "Mo fẹ́ ẹ" jẹ́jẹ́?

Àṣejù ni!

Òógùn bo Gafarou. Ó là á mọ́lẹ̀: "Bàbá, mi ò lè ṣàì má fẹ́ Ànísà! Voilà!"

Yéè! Níbo ló ti rí "má"?

Àlájì yọ awò ojú rẹ̀.

"O ò fẹ́ ẹ?"

Tí wọ́n bá fi Faransé bi ọ́ báyìí, "Si!" lo máa dáhùn, ìyẹn ni pé "Irọ́ o, mo fẹ́ ẹ!" Gafarou wá "Si" títí nínú Yorùbá, kò rí i. Ó bá mú èyí tó jọ ọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá!"

"O ò fẹ́ ọmọ mi?!"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni! Tọkàntọkàn!"

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù náà ń bà mí!

Àlájì fò dìde fìrì. "O wọkọ̀ láti Bingerville wá sọ fún mi, nínú ilé mi, pé o ò fẹ́ ọmọ mi?"

Ànísà yọrí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. "Gafarou, rárá ni kó o sọ! Rárá!"

Ó ti pẹ́ jù. Àlájì ti yí ìbéèrè padà: "Ó dáa, ṣé o fẹ́ ẹ?"

"RÁRÁ!"

Ànísà káwọ́ lérí. Ó sáré wọlé, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Bàbá, ó fẹ́ mi. Èmi náà fẹ́ ẹ. Gírámà nìkan ni kò fẹ́ wa."

Àlájì wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìgì, kó má sọ nǹkan kan o! Tí àfáà bá bi í bóyá ó gbà, orí ni kó mì. Gafarou, jẹ́ ká rí i bí wàá ṣe mì ín."

Inú Gafarou dùn dé góńgó. Ó mirí.

Sọ́tùn-ún, sósì. Sọ́tùn-ún, sósì.