Ojú Tokubei Kò Gba Abala Kan

Ẹ wá wo Tokubei ọlọ́tí ìrẹsì o! A-gbé-àyà-ṣíwájú-bí-àkùkọ-tó-yé-ẹyin! Ká ní wọ́n ń ta ìgbéraga lọ́jà, gbogbo ìlú Kyoto ni ì bá máa wá rà á nílé ẹ̀. Tokubei kì í tẹríba fún oníbàárà. Ó ní ọmọ ọ̀gágun lòun. Ọ̀gágun wo? Babańlá rẹ̀ tí a mọ̀, àgbá ọtí ló ń fọ̀!

Lọ́dún yìí, ó fẹ́ kí àwọn àgbà àdúgbò yan òun ṣe aṣíwájú ọkọ̀ ńlá tí àdúgbò wa ń fà níbi ọdún Gion. Níbi ọdún Gion yìí náà ni olówó ti ń ṣílẹ̀kùn kí ará ìgboro lè wo bíyóbù wọn, ìgànná bébà alábala mẹ́fà tí à ń ká pọ̀. Tokubei ní kí Shunko ayàwòrán ya ogun àtijọ́ tó wáyé láàárín ìdílé Genji àti Heike sára tirẹ̀, kó sì fi ojú òun ṣe ojú ọ̀gágun.

"Ọ̀gá, abala kan ni kí ojú yín wà o. Tó bá bọ́ síbi ìṣẹ́po..."

"Abala kan? Ojú tèmi yìí? Yà á kó gba méjì!"

Shunko yà á. Ó gba méjì.

Ọjọ́ ọdún pé, wọ́n gbé bíyóbù nàró, wọ́n ṣẹ́ ẹ wọ́gọwọ̀gọ bó ṣe yẹ. Yéè! Imú ọ̀gágun wọnú ìṣẹ́po lọ ráúráú. Ojú ọ̀tún wá ń wo tòsì bí orogún.

"Ẹ gbà mí," ẹlẹ́ja kan pariwo lójú ọ̀nà, "ta ló jí imú bàbá yìí?"

Inú bí Tokubei. "Ẹ na bíyóbù yẹn gbọnrangandan!"

"Baálé mi," ni Osen ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣebí àwọn àgbà ní oníṣòwò àti bíyóbù, èyí tí kò bá tẹ̀ nínú wọn kì í dúró?"

"Ọmọ ọ̀gágun kì í tẹ̀!"

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi na bíyóbù náà gbọnrangandan. Bí Bàbá Yahei, olórí àwọn àgbà àdúgbò, ṣe ń kó wọn wọlé nìyẹn. Gbogbo wọn tẹríba. Tokubei dúró ṣánṣán níwájú àwòrán, ó gbé àgbọ̀n sókè kí wọ́n lè fi ojú wé ojú.

Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí ló fẹ́.

Gbàà! Bíyóbù wó lé e. Orí Tokubei lu bébà já, ó sì yọ, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, lábẹ́ ìrù ẹṣin kan tó ń sá lójú ogun! Tòun ti bíyóbù lọ́rùn, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kanlẹ̀ níwájú gbogbo wa.

Osen fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu. "Baálé mi, ẹ mà ti tẹ̀ báyìí."

Bàbá Yahei wò ó títí. "Tokubei, a ti rí ibi tẹ́ ẹ ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ṣíwájú ọkọ̀ wa, iwájú ẹṣin ni kó ti yọ."